Oúnjẹ Ọ̀sán Tí Mo Kọ̀ ní Híúsítìn

Ẹ̀yin ará Akaka tí ẹ kún inú pálọ̀ mi lọ́jọ́ tí mo dé láti Amẹ́ríkà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Mo sọ fún yín pé wọ́n gbé ẹran tó ń hó lórí àwo irin wá sórí tábìlì mi. Wọ́n gbé e wá lóòótọ́. Iwájú mi gan-an ni wọn ò gbé e sí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́ síbí bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọjọ́ yẹn ti kọjá ohun tí èmi àti ìyàwó mi lè fi ṣe àwàdà.

Kí n tó lọ

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, ipò hẹ́dímásítà ni mo sì wà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn jù ni ìwà tí mo kọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n bá pè wá jẹun nílé onílé, "Á gba ibi ire" ló gbọ́dọ̀ sọ, kódà kí ìfun rẹ̀ máa pariwo. Onílé á tún pè é, á ní òun ti yó. Onílé á bínú díẹ̀, á fa àga fún un, ìgbà yẹn ni yóò tó jókòó bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Mo ti na ọmọ olọ́mọ nítorí èyí, mo sì rò pé oore ni mò ń ṣe.

Délé ọmọ mi ló wà ní Híúsítìn. Ìwé ló lọ kà. Ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá, ó ti kàwé tán, ó ti rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ epo kan, lẹ́tà rẹ̀ sì ń kúrú sí i lọ́dọọdún. Nígbà tó fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pé kí n wá wo òun, gbogbo Akaka ló bá mi yọ̀. Ìyá Délé nìkan ni kò yọ̀. Ó wà nídìí epo tó ń sè lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n dúró kí òun bá mi sọ̀rọ̀.

"Bàbá Délé, ẹ má ra nǹkankan bọ̀ fún mi," ó wí. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi bi í. Ṣé ó ń bọ̀ nílé ni, àbí kò bọ̀ mọ́?"

Mo ní èèyàn kì í bi ọmọ ní irú ìyẹn lójúkojú, pé ọ̀rọ̀ tó fẹ́ ọgbọ́n ni.

"Ẹ fi ọgbọ́n sílẹ̀ ńlé. Bó bá ní òun ò bọ̀, n ó sunkún, n ó sì nu ojú mi. Àìmọ̀ yìí ni ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Mo tilẹ̀ búra fún un, níbi tí kò ti bẹ̀ mí pé kí n búra.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ẹ sìn mí dé oríta márosẹ̀ Ṣàgámù. Ẹ ó rántí ìyá tó ń ta ìpékeré níbẹ̀, tó ní kí n mú díẹ̀ dání nítorí ọ̀nà. Mo ní rárá, mo ti yó. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo ní kó má ṣèyọnu. Ó bú mi pé ta ló bi mí, ó sì ki ìpékeré bọ àpò agbádá mi ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí mo ṣe ń wọ ọkọ̀ ni mò ń jẹ ẹ́, inú mi sì dùn. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí nìyẹn.

Kóòtù

Gbogbo yín lẹ sọ fún mi nípa òtútù ìlú òyìnbó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí yá mi ní kóòtù onírun tó wúwo bí àpò gàrí. Kí ọkọ̀ òfuurufú wa tó balẹ̀, mo bọ́ agbádá, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e, mo wọ súẹ́tà, mo wá gbé kóòtù náà kọ́. Oṣù Keje ni. Ẹni tó bá ti dé Híúsítìn rí á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí.

Nígbà tí a jáde níbùdókọ̀ òfuurufú, ooru tó gbá mi lójú ju ti Ṣàgámù nínú oṣù Kẹta lọ. Òyìnbó tó wọ ṣòkòtò péńpé ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń wò mí, òógùn sì ń gba inú etí mi sọ̀kalẹ̀. Mi ò bọ́ kóòtù yẹn. Mo fẹ́ kí ọmọ mi rí mi nínú ẹ̀.

Délé yọ láàárín èrò. Ó ti sanra, ó ti dá irùngbọ̀n sí, ìrìn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Inú mi dùn, ojú sì tún ń tì mí nítorí àwọn tó ń wò wá, mo bá ní, "Dìde, dìde, ó ti tó." Nílé wa, ọmọ tí wọ́n bá ní kó dìde á kọ́kọ́ fi àyà kanlẹ̀ ná. Délé dìde lóòótọ́ láìtíì kan ilẹ̀, ó sì dì mọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ ló dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ náà mọ́ ju àwo ìjẹun mi lọ.

Báwo ni nǹkan?

Àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ́yàyà, mi ò ní pa irọ́ mọ́ wọn. Ní àdúgbò Délé, gbogbo ẹni tó bá pàdé mi ló ń bi mí pé báwo ni nǹkan. Obìnrin kan tó ń fa ajá bi mí bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo dúró, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Mo ní a dúpẹ́, pé ẹsẹ̀ òsì mi ló wú díẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, pé òjò ti ń rọ̀ dáadáa nílé, pé Ìyá Délé ní kí n kí gbogbo wọn. Kí n tó dé orí Ìyá Délé, obìnrin náà ti dé ìkóríta. Ajá rẹ̀ nìkan ló bojú wẹ̀yìn wò mí. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá bi mí, mo ń fèsì kíákíá, mo sì ń bá tèmi lọ, àmọ́ ó máa ń ṣe mí bíi pé mo já wọn jù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò. Lójoojúmọ́ ni mo ń múra láti béèrè ohun tí Ìyá Délé rán mi. Lọ́jọ́ Ajé, ó ti rẹ ọmọ náà láti ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń wo bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń fi igi gbá lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì yẹ kí èèyàn dá irú rẹ̀ dúró. Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó tì mí, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo díbọ́n pé mo ti sùn. Mo tilẹ̀ hanrun fún un.

Èmi tí mi ò bẹ̀rù olùbẹ̀wò ìjọba rí láyé mi! Tí mo bá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé, gbogbo kíláàsì á dákẹ́. Ọmọ tí mo bí ló wá ń já mi láyà báyìí. Ká sọ tòótọ́, èsì tó máa fún mi ni mò ń bẹ̀rù. Tí n kò bá béèrè, mo ṣì lè máa sọ fún ara mi pé ó ń bọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n padà, Délé ní òun fẹ́ gbé mi jáde lọ jẹun ọ̀sán. Mo sọ nínú ara mi pé ibẹ̀ ni n ó ti bi í, dandan ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀, mi ò jẹun láàárọ̀ kí n lè jẹ dáadáa, nítorí mo rò pé ẹnu tó bá ti jẹun yó á rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ilé oúnjẹ

Oúnjẹ Mẹ́síkò ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àmọ́ lọ́nà tí àwọn ará Tẹ́sáàsì ń gbà sè é. Délé ní irú ilé oúnjẹ náà pọ̀ káàkiri, ọ̀gá kan náà ló ni gbogbo wọn, àga kan náà, àwo kan náà, orin kan náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yìn wọ́n. Fìlà ńláńlá tó tóbi ju akẹtẹ̀ lọ wà lára ògiri. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lẹ́nu ọ̀nà, mo fọwọ́ kàn án láti mọ irú igi tó jẹ́. Rọ́bà ni.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan wá bá wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mọ̀ wá tipẹ́. Ó ní Kárẹ́ẹ̀nì ni orúkọ òun, òun ni òun máa tọ́jú wa lónìí. Ní Rẹ́mọ, ẹni tó bá dárúkọ fún ọ, ìwọ náà á dárúkọ tìẹ. Mo dìde, mo ká apá agbádá mi sókè, mo sọ fún un pé èmi ni Josẹ́fù Adébóyè Ṣówándé, hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Akaka Rẹ́mọ, mo sì bi í pé ṣé àwọn òbí rẹ̀ wà láyé. Ọmọ náà gbé ìwé oúnjẹ mọ́ àyà, ó ń wo Délé. Délé ń wo tábìlì.

"Bàbá, ẹ jókòó," Délé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Gbogbo oníbàárà ló ń dárúkọ yẹn fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Kí a tó béèrè ohunkóhun, ọmọbìnrin náà gbé agbọ̀n kékeré kan wá. Àgbàdo díndín ló wà nínú rẹ̀, ó dà bí kókóró tí ẹnìkan jókòó lé mọ́lẹ̀, abọ́ ata sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Délé ní ọ̀fẹ́ ni. Mo gbà pé orúkọ tí mo dá fún un ló ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí mo rí i pé agbọ̀n wà lórí gbogbo tábìlì. Mo fi àgbàdo náà bọ inú ata, mo sì ti di kọ́ọ̀pù omi mú ní ọwọ́ kejì nítorí ohun tó ń bọ̀. Nǹkankan ò bọ̀. Tòmátì lásán ni, tí ata kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọmọbìnrin náà padà dé tòun ti bírò, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ. Ebi ń pa mí gan-an. Mo ti ka ìwé oúnjẹ yẹn látòkè délẹ̀, àwòrán ẹran kan wà nínú ẹ̀ tí mo ti fi ojú jẹ tán. Ẹnu mi wá ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré.

"Rárá o, ẹ ṣeun," mo ní. "Mo ti yó."

"Kò burú rárá!" ó dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì na ọwọ́ gba ìwé oúnjẹ.

Mi ò retí ìyẹn. Mo di ìwé náà mú díẹ̀, òun náà fà á díẹ̀, ó fà á gbà. Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí. Ní Akaka, ibi tí mo bá ti sọ pé ó dá mi lójú ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Délé mi orí, ó sọ ohun tí òun fẹ́ jẹ, ọmọbìnrin náà sì lọ. Mo jókòó, mo ń jẹ àgbàdo.

A gbọ́ ìró ẹran náà kí a tó rí i. Orí àwo irin dúdú ni wọ́n gbé e lé, ó ń hó ṣààà, èéfín rẹ̀ ń gòkè, gbogbo ilé yíjú wò ó. Ẹran màlúù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tàtàṣé. Wọ́n gbé e gba iwájú imú mi kọjá, wọ́n sì gbé e ka iwájú ọmọ mi. Ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dà bí ohun tí ẹlòmíràn ti bá èèyàn jẹ lẹ́nu, wàràkàṣì tó wà lórí rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Délé bu gbogbo rẹ̀ sínú ohun kan bí búrẹ́dì pẹlẹbẹ, ó ká a bí ẹní, ó gé e jẹ. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí mo jẹ agbọ̀n àgbàdo kejì tán, ó ti àwo kékeré kan sí mi. "Bàbá, ẹ kàn tọ́ èyí wò."

Ìtọ́wò kì í ṣe jíjẹ, mo bá gbà. Nígbà tí mo wo inú àwo, ọkàn mi fò sókè, nítorí ohun tí wọ́n fi ewé dì ni mo rí, ó gùn, ó ń gbóná, ó rí bí ẹ̀bìrìpò tí a fi kókò sè nílé gẹ́lẹ́. Mo ní ọmọ yìí mà rí ẹ̀bìrìpò ní Amẹ́ríkà! Mo tú u wẹ́rẹ́ bí a ṣe ń tú u nílé, mo fi ìka bù ú sẹ́nu. Èèpo àgbàdo ni ewé náà. Àgbàdo ló tún wà nínú rẹ̀, ó gbẹ, ó ń fọ́ lẹ́nu, ẹran tó wà láàárín rẹ̀ sì kéré débi pé mo rò pé ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ ni. Kò sí ẹja, kò sí epo. Kókò ilé wa tí wọ́n rin mọ́ ata, tí ìyàwó mi ń sè, ni mo kàn ń rò, omi sì fẹ́ bọ́ lójú mi nítorí ebi. Délé bi mí bó ṣe rí. Mo ní ó dùn gan-an.

Ó nu ẹnu rẹ̀, ó gbé ohun tó ń jẹ sílẹ̀.

"Bàbá, láti ìgbà tí ẹ ti dé, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu yín."

"Kò sí ọ̀rọ̀ kankan."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa bọ̀ nílé ni?"

Ìbéèrè tí mo gbé sọdá òkun, tí mo gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ló bá mi béèrè ẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni mo ní láti sọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn.

"Rárá o," mo ní. "Má da ara ẹ láàmú nítorí tiwa. Ara èmi àti ìyá ẹ le. Fojú sí iṣẹ́ ẹ."

Mo ń retí kó ní, "Rárá, Bàbá, mò ń bọ̀." Mo ti ń mú ojú mi le láti fi kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì, kí n tó wá gbà fún un níkẹyìn. Délé wo àwo rẹ̀ títí. Ẹran náà ò hó mọ́.

"Ó dáa, Bàbá," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Ọmọbìnrin yẹn dé, ó bi wá bóyá a gbádùn oúnjẹ náà. Àwa méjèèjì ní a gbádùn ẹ̀.

Akaka

Lọ́jọ́ tí mo dé, lẹ́yìn tí mo ti fi ẹran tí mi ò jẹ ṣe fáàrí fún yín tí ẹ sì ti tú ká, Ìyá Délé jókòó tì mí. Oòrùn ò tíì wọ̀. Ó ní, "Kí ló wí?" Mo gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ látorí kóòtù, ó ní kí n fo ìyẹn. Mo bá sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ó bi yín ṣé kí òun máa bọ̀, ẹ sì ní rárá?"

Mo ní mo kàn kọ̀ ọ́ díẹ̀ ni, mo rò pé yóò tẹnu mọ́ ọn. Mo ní ọmọ náà ti di òyìnbó, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ àgbà mọ́. Mo fẹ́ kí ó bá mi dá ọmọ náà lẹ́bi. Kò dá a lẹ́bi.

"Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?" ó bi mí.

"Ó ń wo àwo."

"Ṣé ó jẹ ẹran tó kù?"

Mo ronú sí i. Kò jẹ ẹ́. Kò tún fọwọ́ kan nǹkankan lórí tábìlì yẹn mọ́ títí a fi dìde, èmi tí ebi ń pa sì jókòó síbẹ̀, ẹran nìkan ni mò ń wò, mi ò wo ojú ọmọ mi.

"Ẹ̀yin lẹ bí i," Ìyá Délé ní. "Òun náà ń dúró kí ẹ rọ òun ni."

Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ náà béèrè ohun tó wù ú, ó fi í ṣe ìbéèrè kó má bàa dà bíi pé ó ń tọrọ, èmi bàbá rẹ̀ sì lé e padà.

Ìyá Délé wọlé, ó mú ìwé lẹ́tà aláwọ̀ búlúù kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé ìfìwéránṣẹ́ Ṣàgámù. Ó ti rà á sílẹ̀ kí n tó dé. Ó gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Mo kọ nípa òjò, mo kọ nípa páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí atẹ́gùn ṣí, mo kọ pé gbogbo ará ilé kí i. Ó ní kí n ka ohun tí mo kọ. Mo kà á. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí.

"Ẹ fa igi sí gbogbo ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ pé, Délé, máa bọ̀ nílé."

Mo kọ ọ́.

"Ẹ tún un kọ."

"Mo ti kọ ọ́ ná, Ìyá Délé."

"Ẹ tún un kọ. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́."

Hẹ́dímásítà kì í bẹ ọmọ. Mi ò kọ gbólóhùn yẹn sí ẹnikẹ́ni rí. Mo kọ ọ́ pé, máa bọ̀ nílé, ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Mo fi bírò sílẹ̀.

Ìyàwó mi tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà dáadáa, ó wá fi ìka rẹ̀ tó ṣì ní epo lára tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Àyè ṣì wà níbí," ó ní.